Ọ̀dà Kì í Bo Àṣìṣe: Ọ̀rọ̀ Àsọyé lórí Títo Ọkọ̀ Eré Ìje Kékeré Tí A Fi Rẹ́síìnì Ṣe

Ẹ̀yin alàgbà tí ẹ jókòó síwájú, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ọ̀dọ́, àti ẹ̀yin ọmọ wẹ́wẹ́ tí ẹ wà lórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, mo kí yín o. Ẹ kú ìkàlẹ̀. Ẹ kú ọyẹ́. Ẹ kú ìfaradà eruku Àbújá tó ti bo gbogbo nǹkan mọ́lẹ̀ láti ìgbà tí afẹ́fẹ́ yìí ti dé. Nígbà tí alága ìpàdé àwa ọmọ Yorùbá ní Kúbwà ké sí mi pé kí n wá sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ ọwọ́ tí mo fẹ́ràn jù lọ, ohun tí ó kọ́kọ́ sọ ni pé kí n mú un dání, kí àwọn ènìyàn lè fi ojú ara wọn rí i. Òun nìyí lórí tábìlì, lábẹ́ abọ́ oníke yìí. N kò tíì ní ṣí abọ́ náà. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ná.

Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí, orí gbólóhùn kan ṣoṣo ni ó dúró lé, ẹnu bàbá mi ni mo sì ti gbọ́ ọ: ọ̀dà kì í bo àṣìṣe, ńṣe ni ó ń tú u fó. Bàbá mi lu ara ọkọ̀ ní Kàdúná títí agbára fi tán. Àwọn tí gbogbo wa mọ̀ sí pánẹ́ẹ̀lì bítà ni wọ́n. Bí wọ́n bá ti lu ilẹ̀kùn ọkọ̀ kan tán, tí wọ́n ti fi púútì dí i, tí wọ́n sì ti fi sáńdípépà àti omi yún un, wọn yóò di ojú, wọn yóò sì fi àtẹ́lẹwọ́ pa ilẹ̀kùn náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí ọwọ́ wọn bá dúró níbì kan, iṣẹ́ tún bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Èmi ọmọdé yóò wo ibẹ̀ títí, n kò ní rí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí oníbàárà bá ń kánjú, tí ó ní kí wọ́n fín ọ̀dà sí i bẹ́ẹ̀, ọjọ́ tí ọ̀dà bá gbẹ, tí oòrùn sì tàn sí ara ọkọ̀, ibi tí ọwọ́ bàbá mi dúró sí gan-an ni gbogbo ojú yóò ti rí i pé ó rí gbágungbàgun. Mo fẹ́ kí ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí pé ohun tí mo ń ṣe lórí tábìlì mi kò yàtọ̀ sí ohun tí bàbá mi ń ṣe lábẹ́ igi ní Kàdúná.

Ọ̀rọ̀ kìíní: kí ni rẹ́síìnì?

Ọ̀pọ̀ nínú yín ti rí kíìtì ọkọ̀ oníke rí, irú èyí tí ẹni tó bá ti òkè òkun dé máa ń rà wá fún ọmọ. Àwọn ẹ̀yà ara ọkọ̀ náà so mọ́ igi oníke tẹ́ẹ́rẹ́ bí èso ṣe ń so mọ́ ẹ̀ka, ènìyàn yóò máa já wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò sì máa lẹ̀ wọ́n pọ̀. Ẹ̀rọ ni ó ń fi ipá ti ike yíyọ́ sínú mọ́ọ̀dù onírin láti ṣe irú kíìtì bẹ́ẹ̀. Mọ́ọ̀dù onírin yẹn sì wọ́n gidigidi, nítorí náà, kò sí iléeṣẹ́ tí yóò gé e àfi fún ọkọ̀ tí wọ́n mọ̀ pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn yóò rà. Kí wá ni kí ẹni tó fẹ́ràn ọkọ̀ tí ayé ti gbàgbé ṣe?

Ibẹ̀ ni rẹ́síìnì ti wọlé. Omi méjì ni, inú ìgò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n sì máa ń wà. Bí a bá pò wọ́n pọ̀, wọn yóò gbóná, wọn yóò sì dì gbagidi láàárín ìgbà díẹ̀. Oníṣẹ́ kan ṣoṣo nínú yàrá kan lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ ọkọ̀ àkọ́kọ́, kí ó da rọ́bà sílíkónì bò ó, kí ó la rọ́bà náà nígbà tí ó bá gan, kí ó yọ ọkọ̀ kúrò nínú rẹ̀, kí ó sì máa da rẹ́síìnì sí àyè tó ṣófo. Ẹ rò ó bí mọ́ọ̀dù tí a fi ń gún búlọ́ọ̀kù. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé rọ́bà yìí kì í pẹ́ láyé: rẹ́síìnì ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, nígbà tí wọ́n bá fi da nǹkan bíi 20 sí 50 ẹ̀dà, ó ti ń ya.

Iṣẹ́ dídà kò ṣàjèjì sí wa. Àwọn orí idẹ tí wọ́n hú jáde ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní Ifẹ̀ ní ọdún 1938, ìda ni wọ́n kọ́kọ́ fi mọ wọ́n, wọ́n fi amọ̀ bo ìda náà, wọ́n fi iná yọ́ ọ dànù, wọ́n da idẹ yíyọ́ sí àyè rẹ̀, wọ́n sì fọ́ amọ̀. Ọ̀kan péré ni mọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan ń bí, kó tó di èérún. Bí ó ti wù kí ó rí, ẹnikẹ́ni tó bá ti da nǹkan rí, yálà idẹ ni o, yálà rẹ́síìnì ni o, mọ̀ pé ìgbà tí a bá yọ ọ́ nínú mọ́ọ̀dù ni iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ihò tí afẹ́fẹ́ fi sílẹ̀ yóò wà níbẹ̀, kùkùté ibi tí wọ́n ti dà á yóò wà níbẹ̀, ìlà ibi tí apá méjì mọ́ọ̀dù ti pàdé yóò wà níbẹ̀. Àpótí kíìtì tí mo rà, ìwé àlàyé kan ṣoṣo ni ó wà nínú rẹ̀, ẹ̀yìn ìwé náà sì ṣófo.

Ọ̀rọ̀ kejì: ọkọ̀ wo ni?

Ọkọ̀ tó wà lábẹ́ abọ́ yìí ni Maserati 250F, tí wọ́n ṣe ní ìlú Modena ní orílẹ̀-èdè Ítálì. Ọdún 1954 ni ó kọ́kọ́ jáde sí eré ìje Formula One. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ lítà 2.5, sìlíńdà 6 tò tẹ̀lé ara wọn lórí ìlà kan, pùlọ́ọ̀gì méjì méjì ni sìlíńdà kọ̀ọ̀kan sì ní, tí àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 12. Kábúrétọ̀ rẹ̀ jẹ́ 3. Ẹ̀yìn awakọ̀, nínú ìrù ọkọ̀, ni táǹkì epo wà, ìdí nìyẹn tí ẹ̀yìn rẹ̀ fi yọ bọ̀ǹbọ̀ bí ikùn ẹja.

Ṣùgbọ́n ohun tó mú mi fẹ́ràn rẹ̀ ni ara rẹ̀. Páánù alumíníọ́mù ni ara yẹn, ọwọ́ ni wọ́n sì fi lù ú. Ọ̀gá alùpáánù kan tó ń jẹ́ Medardo Fantuzzi ni ó ń ṣe ara fún Maserati nígbà náà. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ kà á, orí ìjókòó ni mo ti dìde. Ṣé ẹ rí i pé ọkọ̀ tó gba ipò kìíní níwájú gbogbo ayé, òòlù àti ọwọ́ ènìyàn ni ó fún un ní ìrísí? Ẹ lọ sí abúlé mẹkáníìkì ní Àpò ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé, ẹ ó gbọ́ ìró òòlù kan náà. Nítorí pé ọwọ́ ni wọ́n fi lù ú, kò sí 250F méjì tó bára mu tán. Ojú atẹ́gùn ara bọ́nẹ́ẹ̀tì yàtọ̀ láti ọkọ̀ dé ọkọ̀, imú yàtọ̀, ìdè yàtọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ tò ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè yìí: èwo nínú wọn, ìdíje wo, ọjọ́ wo?

Èmi mú ọjọ́ 4 oṣù Ògún ọdún 1957, ní Nürburgring, ní Jámánì. Ẹni tó wà nídìí ọkọ̀ náà ni Juan Manuel Fangio, ọmọ ilẹ̀ Ajẹntínà, ẹni tó ti ṣe iṣẹ́ mẹkáníìkì ní ìlú kékeré tí wọ́n bí i sí kó tó di awakọ̀. Ọmọ ọdún 46 ni lọ́jọ́ náà. Ojú ọ̀nà ibẹ̀ gùn ju kìlómítà 22 lọ ní ìyípo kan, ìyípo 22 ni wọn yóò sì sá. Fangio bu ìdajì epo sínú táǹkì kí ọkọ̀ rẹ̀ lè fúyẹ́, ó mọ̀ pé òun yóò dúró lójú ọ̀nà láti bu òmíràn àti láti pààrọ̀ táyà. Ìdúró yẹn pẹ́ ju bí wọ́n ti rò lọ. Nígbà tí ó fi máa padà sójú ọ̀nà, awakọ̀ méjì tó ń bá a du ipò kìíní, Hawthorn àti Collins, nínú ọkọ̀ Ferrari ti fi ohun tó ju ìṣẹ́jú àáyá 40 lọ ṣáájú rẹ̀. Láti ìgbà náà ni ó ti ń fọ́ àkọsílẹ̀ eré sísá ibẹ̀ ní ìyípo dé ìyípo, títí tí ó fi sá ìyípo kan ní ìṣẹ́jú 9 àti àáyá 17.4, nígbà tó jẹ́ pé ìṣẹ́jú 9 àti àáyá 25.6 ni òun fúnra rẹ̀ fi gba ipò iwájú nígbà ìdánwò. Ó kọjá àwọn méjèèjì nígbà tó ku díẹ̀ kí ó parí, ó sì fi àáyá 3.6 ṣáájú. Ìdíje yẹn ni ó sọ ọ́ di akọni àgbáyé lẹ́ẹ̀karùn-ún, kò sì tún gba ipò kìíní nínú ìdíje Formula One kankan mọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Nọ́ńbà 1 ni ó wà lára ọkọ̀ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ ó fi rí nọ́ńbà 1 lára èyí.

Ọ̀rọ̀ kẹta: iṣẹ́ náà gan-an

Ibí ni mo fẹ́ pẹ́ sí díẹ̀. Ìwọ̀n 1/24 ni kíìtì yìí, ìyẹn ni pé ohun tó bá gùn ní sẹ̀ǹtímítà 24 lára ọkọ̀ gidi yóò gùn ní sẹ̀ǹtímítà 1 péré lára èyí. Ẹ yí i padà, kí ẹ rí bí ó ti le tó: bí mo bá fi mìlímítà 1 ṣì í, bí ẹni fi sẹ̀ǹtímítà 2.4 ṣi ọkọ̀ Fangio ni. Bàbá mi kò ní gba irú rẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ iṣẹ́ ọjọ́ kìíní.

Fífọ̀ ni ó ṣáájú. Oníṣẹ́ tó da kíìtì máa ń fín òróró kan sínú mọ́ọ̀dù kí rẹ́síìnì má bàa lẹ̀ mọ́ rọ́bà, òróró náà a sì máa bá ẹ̀yà jáde. Ojú kì í rí i. Kíìtì àkọ́kọ́ tí mo tò, n kò mọ̀ bẹ́ẹ̀, mo kùn ún, ó dán, inú mi dùn. Mo fi tẹ́ẹ̀pù bo apá kan kí n lè fa ìlà funfun sí i. Nígbà tí mo ṣí tẹ́ẹ̀pù náà, ọ̀dà bá a wá, ó ṣí kúrò lódindi bí awọ ẹ̀wà tí a rẹ sómi, rẹ́síìnì ìsàlẹ̀ sì ń dán bí ọjọ́ tí wọ́n dà á. Láti ọjọ́ náà, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ọṣẹ ìfọwọ́ àwo àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀ gbogbo kíìtì. A fọ̀ ọ́, a tún un fọ̀, a jẹ́ kí ó gbẹ dénú, a kì í fi ọwọ́ ọlọ́ràá kàn án mọ́.

Ẹ̀yìn èyí ni wíwò. Ara ọkọ̀ yìí tẹ̀ nígbà tó dé. Bí mo ti gbé e lé orí gíláàsì, ìrù rẹ̀ gbé sókè. Rẹ́síìnì a máa gbọ́rọ̀ sí ooru. Mo gbé e sínú omi tó gbóná ju ohun tí ọwọ́ lè gbà lọ, ṣùgbọ́n tí kò tíì hó, mo kà díẹ̀, mo yọ ọ́, mo fi ẹ̀sọ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́ orí gíláàsì, mo sì da omi tútù sí i kí ó lè mú ìrísí náà. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú níí le koko, rẹ́síìnì sì rèé, bí a bá fi agbára mú un, kíkán ni yóò kán. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé níhìn-ín, ẹ ṣọ́ra o. Ooru tó ń tọ́ ọ náà ni ó ń tẹ̀ ẹ́. Mo gbé ara ọkọ̀ kan tí mo ti tọ́ sínú mọ́tò mi ní ọ̀sán oṣù Ẹrẹ́nà, mo lọ ra sáńdípépà ní Wúsé, n kò lò ju wákàtí kan lọ. Nígbà tí mo fi máa dé, imú rẹ̀ ti wálẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ihò afẹ́fẹ́. Wọ́n máa ń fara pa mọ́ sí etí ìdè, lábẹ́ sáléńsà, sí ibi tí ó ṣòro láti débẹ̀. Ohun tí mo fi ń dí wọn kò wọ́n: súpà gúlúù àti pọ́ńdà ọmọdé. A da pọ́ńdà díẹ̀ sórí ìdérí kan, a kán gúlúù sí i, a pò ó bí ẹ̀kọ lílẹ̀, a fi orí abẹ́rẹ́ gbé e sínú ihò. Ìkìlọ̀ kan wà níbẹ̀: ẹ yún un kí ọjọ́ tó lọ. Bí ó bá sùn mọ́jú, yóò le ju rẹ́síìnì tó yí i ká lọ, fáìlì yóò wá máa jẹ rẹ́síìnì, yóò fi òkìtì sílẹ̀ láàárín. Gúlúù tí wọ́n fi ń lẹ ike, tó ń yọ́ ike wọnú ara wọn, kò lè ṣe rẹ́síìnì ní nǹkan kan. Súpà gúlúù ni a ń lò, tàbí gọ́ọ̀mù aláwẹ́ méjì tí àwọn mẹkáníìkì wa ń pè ní oníṣẹ́jú mẹ́rin. Ibi tí ẹrù yóò wà, bíi ibi tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ti so mọ́ ṣásì, mo máa ń lu ihò sí apá méjèèjì, mo sì ń ki wáyà idẹ bọ̀ ọ́, nítorí pé súpà gúlúù máa ń já bí a bá tẹ̀ ẹ́ láti ẹ̀gbẹ́.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin òbí, eruku rẹ́síìnì kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró. Inú omi ni kí ẹ ti máa yún un, kí ẹ sì fi ìbomú bo imú.

Ṣé ẹ fẹ́ mọ ibi tí mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa iṣẹ́ náà tì? Bọ́nẹ́ẹ̀tì ni. Páánù ọkọ̀ gidi fẹ́lẹ́ bí mìlímítà 1. Bí a bá fi 24 pín in, a ó rí i pé ó yẹ kí ti mọ́dẹ́ẹ̀lì fẹ́lẹ́ ju bébà lọ. Kò sí ẹni tó lè da rẹ́síìnì bẹ́ẹ̀. Èyí tó wà lọ́wọ́ mi nípọn tó mìlímítà 1.5, bí ẹni pé páánù ọkọ̀ Fangio nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 3.6. Mo gbé ẹ́ńjìnnì sí àyè rẹ̀ láìlẹ̀ ẹ́, mo gbé bọ́nẹ́ẹ̀tì lé e, ó jìnnà síra. Mo gbé e wò lọ́nà mìíràn, ó jìnnà síra. Kò sí ohun tó kù ju kí n máa gbẹ́ inú bọ́nẹ́ẹ̀tì náà láti abẹ́. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ṣe é. Bí mo bá ti gbẹ́ díẹ̀, mo ń gbé e sí iwájú gílóòbù: ibi tó bá ṣì dúdú, ó ṣì nípọn, ibi tó bá ti ń mọ́ bí awọ ẹyin tí a gbé sí oòrùn, mo ń fi í sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe, títí tí ìmọ́lẹ̀ fi tàn kálẹ̀ lára rẹ̀ dọ́gbadọ́gba. Ọjọ́ tí ó bò, ìró kékeré kan ni mo gbọ́, kẹ́. Ẹni tó bá fi sùúrù pa èèrà yóò rí ìfun rẹ̀, àwọn àgbà ti sọ bẹ́ẹ̀.

Àwọn agbẹ́gilére wa ní orúkọ fún ìpele iṣẹ́ wọn, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ ọ láti ìran dé ìran ní ilé Àrẹògún, àgbà agbẹ́gilére, ní Òsì, ní Ìpínlẹ̀ Kwara, àti ní ibòmíràn: ọnà lílé, alétúnlé, dídán, fínfín. Dídán ń ṣáájú fínfín. Ẹni tó bá fín ilà ojú sí ère tí kò tíì dán ti fi iṣẹ́ rẹ̀ ṣòfò. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọkọ̀ yìí. Mo kọ́kọ́ mú ara rẹ̀ dán pátápátá, sáńdípépà sì jẹ gbogbo ìlà ẹnu bọ́nẹ́ẹ̀tì àti ojú atẹ́gùn rẹ̀ dànù. Mo gbà pé kí wọ́n lọ. Nígbà tó dán tán ni mo wá fi ẹnu abẹ́rẹ́ fín wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan.

Báwo ni mo ṣe mọ̀ pé ó dán? Ẹ̀kọ́ Kàdúná ni. Mo fín ọ̀dà dúdú fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́ sí i lára bí ìrì, mo fi sáńdípépà tó kúnná àti omi pa á lẹ́ẹ̀kan. Ibi tó bá ga, dúdú yóò kúrò kíá. Ibi tó bá jinlẹ̀, dúdú yóò dúró síbẹ̀. Mo dí ibi tó dúdú, mo tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí dúdú kò dúró níbì kan mọ́, mo di ojú, mo fi ìka pa á.

Ti táyà kò gùn. Rímù ọkọ̀ yìí jẹ́ oní-sípóòkù bíi ti kẹ̀kẹ́ ológeere, fífẹ̀ rẹ̀ kò sì tó sẹ̀ǹtímítà 2. Páánù pẹlẹbẹ tí wọ́n fi kẹ́míkà gé ni sípóòkù náà, ìpele méjì ni a ń to léra. Nọ́ọ̀tì elétí tó mú rímù dúró, èyí tí àwọn mẹkáníìkì Fangio ń fi òòlù lù kó lè tú, kò ju hóró ìrẹsì lọ lára èyí. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè: ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́wàá, ni ó fi ìka rẹ̀ to mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí àyè wọn.

Ọ̀dà ni ó kẹ́yìn. Pupa ni àwọ̀ ọkọ̀ eré ìje ilẹ̀ Ítálì láyé ìgbà náà, bí àwọ̀ ewé ti jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì, tí búlúù jẹ́ ti Faransé. Pupa kì í bo nǹkan; ohun tó bá wà lábẹ́ rẹ̀ yóò yọjú. Nítorí náà ni mo ṣe kọ́kọ́ fín àwọ̀ osùn tó mọ́ sí gbogbo ara rẹ̀ lórí púráímà, ìyẹn ọ̀dà ìpìlẹ̀, kí pupa lè jẹ́ ọ̀kan náà láti imú dé ìrù. Ní ìgbà òjò, ọ̀rinrin máa ń mú kí ọ̀dà tó ń yára gbẹ funfun bí ẹni da eérú sí i. Ní ìgbà ọyẹ́ yìí, eruku ni ọ̀tá. Mo wọ́n omi sí ilẹ̀ yàrá, mo ti fèrèsé, mo fín in, mo sì dé e mọ́lẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Abọ́ tí mo fi dé e lọ́jọ́ náà ni èyí tó wà lórí rẹ̀ yìí.

Ó dáa, mo ti ń ṣí i o. Ẹ̀yin ọmọ wẹ́wẹ́ tó wà lórí ẹní, ẹ̀yin ni kí ẹ kọ́kọ́ wá, ní méjì méjì. Ẹ má ṣe di rímù mú, ẹ di pákó tó wà lábẹ́ rẹ̀ mú. Ní alẹ́ àná, lábẹ́ iná, mo rí ibì kan nínú ìrù rẹ̀ tí pupa náà ti ṣẹ́ po díẹ̀. N kò ní sọ ibẹ̀ fún yín. Ẹ di ojú yín, ẹ fi orí ìka kan ṣoṣo pa ẹ̀yìn rẹ̀ láti ibi ìjókòó awakọ̀ lọ dé ìdí, kí ẹ sì sọ fún mi ibi tí ọwọ́ yín bá ti dúró. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè ni mo máa yún ọ̀dà ibẹ̀ kúrò.